Ìgbà wo ni kí ẹ wá sí Àgbádárìgì?

Bí ẹ bá bi mí lónìí, n ó ní kí ẹ wá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá sí ìdajì oṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn ló máa ń wù mí jù láti fi Àgbádárìgì han àlejò. Òjò ti lọ, ewéko ṣì tutù yọ̀yọ̀, ooru kò tíì gbóná janjan, àwọn tó ń lọ ṣọdún kò tíì kún ojú ọ̀nà, yàrá òtẹ́ẹ̀lì sì ṣì wà ní iye tí apá ká. Ìyàwó ilé Ègùn ni mí, Ìjẹ̀bú ni bàbá tó bí mi, àlejò gbígbà sì ni iṣẹ́ mi nílùú yìí. Mo ń bá wọn wá ibi tí wọ́n máa sùn, mo ń se oúnjẹ fún wọn, mo sì ń bá wọn kọjá ọ̀sà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí lórí fóònù ni ìgbà tó dára jù. Èmi náà á bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, nítorí ojú ọjọ́ tó bá ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú mu, ó lè má bá ẹni tó ń kó ọmọ bọ̀ wá ṣeré létí òkun mu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ọdún ṣe ń lọ níbí. Àkọ́rọ̀ òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin pẹ̀lú ìjì àti àrá, á máa le sí i títí di oṣù Kẹfà, tó jẹ́ oṣù tí òjò pọ̀ jù lọ. Òjò oṣù Kẹfà nìkan sábà máa ń ju 300 mìlímítà lọ ní etíkun wa, nígbà tí ti oṣù Kejìlá tàbí Kìíní kì í sábà tó 50. Tó bá di ìparí oṣù Keje, òjò á ti ṣí lọ sí òkè Ọya, tiwa á sì dáwọ́ dúró díẹ̀ títí oṣù Kẹjọ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àròkúrò á tún rọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ṣùgbọ́n kò le tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀rùn ni títí di oṣù Kẹta. Oṣù Kejì àti Kẹta ni ooru mú jù, ó lè kan 33 Celsius ní ọ̀sán. Oṣù Kẹjọ ló tutù jù, 28 sí 29 náà ni ọ̀sán rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àlejò gan-an ni Gberefu, ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Marina, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gúnlẹ̀ sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni ìrìn á bẹ̀rẹ̀, orí yanrìn, láàárín igi àgbọn, ẹ ó gba ibi kànga tí wọ́n ní wọ́n ti máa ń fún ẹrú lómi mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, títí ẹ ó fi dé etí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lè lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ wo yanrìn yẹn dáadáa. Ní ọ̀sán oṣù Kejì, ó gbẹ, ó sì fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan, yanrìn á wọ inú sálúbàtà, á sì máa jó yín ní àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Ooru ń bọ̀ láti òkè, òmíràn ń gòkè láti ilẹ̀, igi àgbọn kò sì ní òjìji tó lè bo ènìyàn méjì. Mo ti rí àwọn géńdé tó jókòó sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ lóru tí ilẹ̀ mọ́, irú èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oṣù Kẹwàá bá ń wọ Kọkànlá, yanrìn kan náà á ki, á dúró digbí, ẹsẹ̀ á máa jáde lórí rẹ̀ ketekete. Ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á rìn ín débẹ̀ láì sinmi. Nítorí náà, ìgbà yòówù kí ẹ wá, ẹ kọjá ọ̀sà kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó kọjá lọ, kí ẹ sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kó àgbàlagbà dání ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gba ọ̀kadà fún wọn ní èbúté Gberefu, kí ẹ sì dúnàádúrà àlọ àti àbọ̀ kí wọ́n tó gùn ún.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń tẹnu mọ́ àárọ̀ ni atẹ́gùn. Ọ̀sà máa ń dákẹ́ láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọlé, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ omi á ti máa ru. Kò sí àkókò kankan tí ẹ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ láì wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kódà bí ẹni tó jókòó tì yín kò bá wọ̀ ọ́. Kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òfin kò gba ọkọ̀ èrò láyè láti rìn lórí omi lálẹ́. Lásìkò òjò, omi odò tó ń ṣàn wọ ọ̀sà kì í jẹ́ kí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, òjúoró àti àwọn ewéko orí omi yòókù á sì pọ̀, ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ á máa há sínú wọn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé tán, omi iyọ̀ á gòkè láti òkun, á pa wọ́n, ojú ọ̀sà á wá mọ́.

Òkun wá kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ mi. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun yìí, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò. Omi tó ń fà lábẹ́ ìgbì lágbára yípo ọdún, ẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa ní adágún òtẹ́ẹ̀lì kò tó o. Láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ló burú jù, nítorí ìgbà yẹn ni òtútù mú ní ìsàlẹ̀ ayé, ìjì ibẹ̀ ló sì ń ti ìgbì gígùn wá kọjá Àtìláńtíìkì títí dé etíkun wa. Nígbà tí òṣùpá bá kún rìbìtì tàbí nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi á tún gun yanrìn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ọmọ lè dúró kí omi fọ ẹsẹ̀ wọn, kí àgbàlagbà di ọwọ́ wọn mú. Kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò kan lè bínú sí mi pé mo ba eré òun jẹ́, kí ó máa bínú, kí ó ṣáà délé.

Bí òkun bá rọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ohun kan wà létí omi tí mo fẹ́ kí ẹ rí. Àwọn apẹja á ti gbé àwọ̀n ńlá lọ sínú òkun pẹ̀lú ọkọ̀, wọ́n á wá mú okùn rẹ̀ méjèèjì wá sí orí yanrìn. Ìlà méjì ni àwọn tó ń fà á máa ń tò, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé. Wọ́n á fi ẹ̀yìn tì í, wọ́n á máa dárin, ẹsẹ̀ á máa wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá ti dé ìparí ìlà á sáré padà sí iwájú lọ di okùn mú létí omi. Ìlà méjèèjì á máa súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí àpò àwọ̀n ṣe ń bọ̀. Ó lè gba wákàtí bíi mélòó kan. Àwọn obìnrin ti jókòó pẹ̀lú bàsíà, wọ́n ń dúró de ṣáwá. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn fà á, ẹ kí wọn kí ẹ tó dá wọn lóhùn orin. Bí ẹ bá fẹ́ yà wọ́n ní fọ́tò, ẹ tọrọ àyè. Ẹja tí ẹ bá rà níbẹ̀, ẹ gbé e wá kí n fi se ajogun fún yín, ọbẹ̀ ata ilé Ègùn, ẹ ó sì fi ẹ̀bà jẹ ẹ́. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìgbì kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn jáde rárá.

Kérésìmesì ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ìsinmi wà fún ẹni tó ń bọ̀ láti London tàbí Houston. Ó sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀, nítorí ní 1842, abẹ́ igi Àgíà ní ìlú yìí ni wọ́n ti wàásù ìhìnrere, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè ní ìwàásù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n òkúta ìrántí wà níbẹ̀. Ọ̀nà ni ìṣòro. Láti nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ọlọ́jà, ọkọ̀ àwọn tó ń lọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu ní Benin, àti ti àwọn ará ilé tó ń bọ̀ wá ṣọdún á pàdé lórí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó, ẹ wọ rélùwéè Blue Line láti Marina dé Mile 2, ó ti ń gbé èrò láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ó sì ń fo gbogbo sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kọjá. Mile 2 ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì. (Marina Èkó ni mo wí níbẹ̀ yẹn. Àwa náà ní Marina tiwa, àwọn àlejò sì máa ń dárúkọ rẹ̀ fún awakọ̀ tí kò yé.)

Lẹ́yìn ọdún, ọyẹ́ á dé. Kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa bíi ti òkè Ọya, afẹ́fẹ́ òkun ń tì í padà, ṣùgbọ́n àwọn àárọ̀ kan wà tí ìkùukùu máa ń bo ọ̀sà, ọkọ̀ á sì dúró kí ojú mọ́ kedere kó tó gbéra. Ẹni tó fẹ́ fọ́tò tó mọ́ kò ní gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée kí ó mú oògùn rẹ̀ dání. Àǹfààní oṣù Kìíní ni pé nǹkan bí ọjọ́ 10 rẹ̀ ni ọdún Vodun ní orílẹ̀-èdè Benin, ìsinmi ni jákèjádò ibẹ̀, Ouidah ni ó sì ti ń lárinrin jù. Ẹ lè sùn sọ́dọ̀ wa, kí ẹ gba ẹnubodè Seme kọjá sí Kútọnu, kí ẹ sì dé Ouidah, tí òun náà ní ẹnu ọ̀nà ẹrú tirẹ̀ létí òkun. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà kí ó kọ́kọ́ rí i pé físà Nàìjíríà rẹ̀ gbà á láàyè láti padà wọlé. Àgbálùmọ̀ sì ti wà lórí àtẹ nígbà yẹn.

Bí ó bá jẹ́ ìtàn ẹrú ni ẹ bá wá, mo ní àbá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí: ẹ wá ní oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú àti ìfòpin sí i, nítorí òru ọjọ́ 22 mọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1791 ni àwọn ẹrú dìde ogun ní Saint-Domingue, tí à ń pè ní Haiti lónìí. Òjò ti sinmi, ìkùukùu bo oòrùn, ara á tù yín láti rìn láti ọjà ẹrú Vlekete dé ilé ẹrú Sẹ́ríkí Williams Abass, dé ilé àwọn Mobee níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n ẹrú hàn, láì sáré wá òjìji. Àlejò kì í pọ̀, afinimọ̀nà á ráyè dáhùn gbogbo ìbéèrè yín. Ìgbì òkun tó ń bú ramúramù nígbà yẹn náà á jẹ́ kí ẹ mọ irú omi tí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé àwọn ènìyàn wa gbà kọjá.

Oṣù Kẹfà ni mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀, àfi ẹni tí kò rí ìgbà mìíràn. Ọ̀nà á kún fún omi àti kòtò, ẹ̀fọn á pọ̀. Bí ó bá di dandan, ẹ sun ọjọ́ méjì dípò ọjọ́ kan, kí ẹ lè ní ọjọ́ kan tí ẹ ó fi dúró de òjò. Ẹ fi àárọ̀ tí ojú ọ̀run bá mọ́ lọ sí Gberefu, kí ẹ fi ti òjò wo ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1842 tí wọ́n sì parí ní 1845, tí Àjàyí Crowther gbé inú rẹ̀, dára láti wò nígbà òjò, ṣùgbọ́n bí òjò bá ń lu páànù rẹ̀, ẹ súnmọ́ afinimọ̀nà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ. Ìgbà yòówù kó jẹ́, ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun, pàápàá àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, kí wọ́n rí dókítà nípa oògùn ibà àti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kí wọ́n tó gbéra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn yín, ẹ wo ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, sọ, kí ẹ sì pe ẹnì kan tó wà ní Àgbádárìgì gan-an kí ó sọ bí ọ̀sà ṣe rí. Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání fún ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kadà, omi mímu tó tó yín, fìlà, àti aṣọ ìpààrọ̀ kan nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá ti Èkó gbéra, ẹ ti wà ní Mile 2 kí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ tó lù.