Fáílìn kì í ṣe aṣọ ìbora: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ jórinjórin

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí àwọn ọmọ tuntun bá wọlé, mo ti mọ̀ pé mi ò ní sùn dáadáa. Bó bá ti di nǹkan bí aago méjì òru, ọ̀kan nínú wọn á wá kan ilẹ̀kùn: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, yanrìn kún ojú mi." Kò sí yanrìn níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ó dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jó irin, kò fi nǹkan bojú, ó ń wo iná bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Iná yẹn kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn lójú, ìyẹn ló fi jẹ́ pé òru ni ẹkún máa ń sọ.

Ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìlọrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó máa ń ka ẹlẹ́kítíródù, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń jó irin, fún wa bí ẹni ń ka owó. Lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ̀mù ni mo tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́. Ní báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìhà gúúsù Kwara. Nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ ni mi ò tíì ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ojú tán ná. Má fi gọ́gùsì dúdú tí wọ́n ń tà fún ọlọ́kadà jó irin. Oòrùn àti eruku ni wọ́n ṣe é fún. Gíláàsì nọ́ńbà 10 tàbí 11 ni iṣẹ́ ẹlẹ́kítíródù fẹ́, inú ìbòjú tó bo iwájú orí títí dé ọ̀fun ni kó sì wà, torí iná kan náà tó ń pa ojú lára ló ń jó awọ. Mo ti rí ọmọ tí àyà rẹ̀ bó bí ẹni tí wọ́n da omi gbóná lù, nítorí pé kò de bọ́tìnì ẹ̀wù. Má sì tanná láìkìlọ̀ fún ẹni tó wà nítòsí. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń pariwo "Ojú o!" kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹlẹ́kítíródù kan irin. Ẹni tó bá gbàgbé, òun ló máa gbá ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan á ní kí o lọ tọrọ omi ọmú lọ́wọ́ abiyamọ, àwọn kan á ní kí o gé ọ̀dùnkún lé e. Èmi kì í bá wọn jiyàn lóru. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí o bá wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí o dijú, tí o fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù lé e, tí o kò sì fi ọwọ́ ra á. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, dókítà ojú ló kàn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán nǹkan tí kò mọ́ sí i.

Àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù, kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní ẹkún. Ọmọ á jó irin tán, ojú ibi tó jó á rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó tò tẹ̀lé ara, ló bá sáré mú fáílìn, ẹ̀rọ tí a fi ń yún irin. Á yún un títí yóò fi dọ́gba, á fi bọ́dí fílà, àtè tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí ihò rẹ̀, á kun ọ̀dà pupa sí i, á wá máa pè mí pé kí n wá wo iṣẹ́. Ó máa ń dán. Èmi náà á yìn ín, màá sì gbé e lọ sídìí báìsì, irin tó ń di iṣẹ́ mú gírígírí. Hámà kan, hámà méjì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ya. Inú rẹ̀ la ti máa rí ọ̀rọ̀: èèpo dúdú tó yẹ kó ti gbá kúrò há sáàárín, ihò wínníwínní bíi ti inú búrẹ́dì, àti ẹ̀gbẹ́ irin kan tí kò tilẹ̀ yọ́ rárá, àmì ayùn ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ náà á wá máa wò mí bíi pé èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi dára ju ẹ̀gbẹ́ títì lọ ni pé ó fún ọ láyè láti ba irin jẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀gá, ilẹ̀kùn oníbàárà lo fi ń kọ́ṣẹ́, o sì gbọ́dọ̀ bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ kí olówó tó dé. Ní ilé ẹ̀kọ́, owó irin tí o máa bà jẹ́ ti wà nínú owó tí àwọn òbí rẹ san. Bà á jẹ́ ní gbangba. Gé irin pẹlẹbẹ méjì tó gùn tó ìka ọwọ́. Gbé ọ̀kan dúró sáàárín èkejì, jó o ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Fún un mọ́ báìsì, kí o wá láti ẹ̀yìn, níbi tí o kò jó, kí o fi hámà gbá èyí tó dúró títí yóò fi dà lé ibi tí o jó. Má fi fáílìn kàn án. Bó bá ṣẹ́, wo inú rẹ̀ dáadáa, fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí o jó o sí i lára, kí o tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ. Ọmọ tó bá ṣe mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ti kọ́ ju ẹni tó fi oṣù kan kun ọ̀dà lọ.

Ihò inú rẹ̀ kò dédé wá. Ó lè jẹ́ pé ẹlẹ́kítíródù ti gba omi, tàbí irin ti dípẹtà, tàbí ọ̀dà wà lára rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ jìnnà jù. Àlàfo tó wà láàárín ẹnu ẹlẹ́kítíródù àti irin kò yẹ kó ju bí irin inú ẹlẹ́kítíródù náà ṣe nípọn lọ. Ti ẹlẹ́kítíródù tí à ń pè ní géèjì 12 jẹ́ mìlímítà 2.5, ẹ wo bó ṣe kéré tó. Etí ni mo máa ń ní kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bó bá dáa, ó máa ń dún bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná. Bó bá ń han-an-run tó ń tu iná káàkiri, ọwọ́ rẹ ti jìnnà. Bó bá sì ń lẹ̀ mọ́ irin ṣáá, iná rẹ ló kéré.

"Ọ̀gá, mélòó ni kí n gbé iná sí?" Ìbéèrè yẹn ti sú mi. Ara páálí ẹlẹ́kítíródù ni wọ́n kọ ọ́ sí! Géèjì 12 máa ń fẹ́ nǹkan bí áńpíà 60 sí 90. Géèjì 10, tó jẹ́ mìlímítà 3.2, máa ń fẹ́ 90 sí 130. Nọ́ńbà E6013 tó wà níbẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 60 ń sọ pé ohun tí o jó lè gba ìfàya 60,000 pọ́n-ùn lórí ínǹṣì onígun mẹ́rin kan kó tó já. 1 ń sọ pé o lè fi jó irin tó wà nílẹ̀, èyí tó dúró àti èyí tó wà lókè orí rẹ. E7018 ní tirẹ̀ kò fẹ́ omi rárá, ààrò tiẹ̀ ni wọ́n máa ń kó o sí. Àwọn kan máa ń sá a sóòrùn. Oòrùn Ìlọrin mú lóòótọ́, àmọ́ kò mú tó bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì ìyàwòrán àti ìṣirò ni wọ́n máa ń sá fún jù. "Ọ̀gá, irin la wá jó." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, títí mo fi ṣe gẹ́ẹ̀tì fún Alhaji kan ní Gáà-Akáńbí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Mo to irin sílẹ̀, mo jó ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì gbé ọwọ́, mo lọ jẹun, mo padà wá jó òsì. Nígbà tí a fi máa gbé e dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ́ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Alhaji kò bínú. Ó rọra bọ́ bàtà sílípáàsì rẹ̀, ó tì í gba àlàfo tó wà nísàlẹ̀ gẹ́ẹ̀tì, ó tún fà á jáde, ó ní, "Wẹ́dà, ológbò lo ṣe ọ̀nà yìí fún ni?" Iná máa ń fa irin bó bá ń tutù. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ńṣe ló yẹ kí n fi iná kán an ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ná, kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, lọ́tùn-ún àti lósì, kí méjèèjì dọ́gba, kí n tó máa jó o díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí igun kan kò bá dá ọ lójú, wọn 90 sẹ̀ǹtímítà sí apá kan, 120 sí apá kejì. Bí láti òpin ọ̀kan dé òpin èkejì kò bá jẹ́ 150, igun náà ti wọ́. Kíláàsì ìṣirò tí mo sá fún ni wọ́n ti kọ́ àwọn yòókù ní ìyẹn.

Ẹni tó bá sì ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, bóyá ti Ajáṣẹ́-Ìpo ni o tàbí ibòmíràn, kó rántí pé ìdánwò NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, kò dá lórí iná nìkan. Ìwé wà níbẹ̀. NTC, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni yẹn, ni ọ̀pọ̀ fi ń wọ pólì.

Àwọn àṣìṣe kan wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Má wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù jó irin. Ó máa ń yọ́ mọ́ awọ ni. Má wọ sílípáàsì tó tutù lásìkò òjò. Má fi epo tàbí gíríìsì kan orí agolo ọ́síjìn. Má jó tánkì epo tí wọ́n bá gbé wá láti ìta, pàápàá èyí tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, torí afẹ́fẹ́ epo tó kù síbẹ̀ ló ń pa èèyàn.

Páìpù omi tó funfun bíi fàdákà náà ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bí iná bá kàn án, èéfín funfun á rú jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òtútù á mú ọ, ara á gbóná, ẹnu rẹ á dà bíi pé o lá kọ́bọ̀. Ọmọ á ní ibà ni, á lọ ra oògùn ibà. Mílíìkì inú agolo tí gbogbo wẹ́dà ń mu kì í fa èéfín yẹn jáde. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló lọ, ikùn kọ́ ni. Yún funfun ara rẹ̀ kúrò kí o tó jó o, kí o sì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti ẹ̀yìn rẹ.

Six-G, ìyẹn ìdánwò jíjó páìpù tó dagun, wá ni orin tí wọ́n ń kọ báyìí. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn tó ń jó páìpù epo rọ̀bì ń rí owó, nítorí náà, ní táàmù kejì, ọmọ tí kò lè fa ìlà títọ́ lórí irin tó wà nílẹ̀ á fẹ́ gbé páìpù dagun ní ìwọ̀n 45, kó máa yí i po. Páìpù yẹn kì í yí o. Ìwọ lo máa lọ́, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí o kò tíì mọ̀ ló máa bá ọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀kan nínú wọn wà lọ́dọ̀ mi ní sáà yìí, òun ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi lóru. Kì í mú fáílìn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń múra àti lọ kírun Jímọ̀ọ̀, ló bá sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó mú irin méjì tó ti ya lọ́wọ́, kò tíì gbá èèpo dúdú ara rẹ̀ kúrò tán. "Ọ̀gá, ẹ wo inú ẹ̀," ló wí. "Ihò kan ṣoṣo ló kù."