Títo àwòṣe Gloster Gladiator: ìyẹ́ òkè àti wáyà rẹ̀

Gloster Gladiator jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ní ìyẹ́ méjì, ọ̀kan lórí èkejì, tí òpó àti wáyà so pọ̀. Ara rẹ̀ kì í yọni lẹ́nu, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ onísílíńdà 9 náà kò le. Ìyẹ́ òkè ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, ẹ mú ìwọ̀n 1/48, ìyẹn ìdá kan nínú 48 ọkọ̀ gidi. Ìyẹ́ rẹ̀ á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ọwọ́ á ráàyè wọ àárín.

Ẹ kun ohun gbogbo kí ẹ tó gbé ìyẹ́ òkè lé e. Ẹ wá fi abẹ ha ọ̀dà kúrò níbi tí òpó máa jókòó sí. Gọ́ọ̀mù tó bá di ọ̀dà mú, òun àtọ̀dà ni yóò jọ ṣí.

Bíìtì mílímítà 0.3 ni kí ẹ fi lu ihò wáyà, kó má yọ sódì kejì. Ẹ gé páálí méjì tó ga bákan náà, ẹ fi gbé ìyẹ́ òkè dúró, kí ẹ tó lẹ òpó àárín tó so ó mọ́ ara ọkọ̀, lẹ́yìn náà òpó mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ tó wà láàárín ìyẹ́ méjèèjì. Ẹ wò ó láti iwájú kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ: bó bá wọ́ sápá kan, ìsinsìnyí lẹ lè tún un ṣe. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Òwú tó ń fà bíi rọ́bà ló dáa fún wáyà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ kán súpà gúlù bíńtín sí ihò, ẹ fa òwú náà díẹ̀ péré. Àfàjù máa ń tẹ ìyẹ́. Irin pẹlẹbẹ ni wáyà gidi, nítorí náà àwọ̀ irin ni, kì í ṣe dúdú.

Gíláàsì awakọ̀ ló kẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù funfun ni o, èéfín súpà gúlù á sọ ọ́ di bàìbàì.