Bí a ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ayé ẹni: nílé, lẹ́nu iṣẹ́ àti láàárín tọkọtaya

Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ohun tó ṣe pàtàkì sí wa. Bí wọ́n bá jí wa lójú oorun kí wọ́n bi wá, a ó ní ìdílé ni, ìlera ni, iṣẹ́ tó nítumọ̀ ni. Àmọ́ tí a bá wo ibi tí ọjọ́ wa ń bá lọ, ẹni tó kọ́kọ́ pè, fóònù tó kọ́kọ́ dún àti ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ẹlòmíràn ló ń pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kì í ṣe pé a kò ní ìpinnu. Ìpinnu náà ni kò ní àkókò, tí kò ní ibi tí yóò ti ṣẹlẹ̀, tí a kò sì tíì sọ ohun tó máa yẹ̀ lọ́nà fún un. Nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ni àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Mọ ibi tí wákàtí rẹ ń lọ

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, fún olówó àti tálákà. Tí o bá ń sun wákàtí 8 lóru, 56 ti lọ. Tí o bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40, tí àlọ àti àbọ̀ sì ń gba 10, á ṣẹ́ ku 62. Níbo ni 62 yẹn ń wọlé sí?

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mú ìwé kékeré kan dání, kí o máa kọ ohun tí o ṣe ní wákàtí méjì-méjì. Má yí ohunkóhun padà lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń tún ìwà ṣe nítorí pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé ẹlòmíràn ló ń kọ. Fi àmì kan sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí o ṣe nítorí pé o yàn án, kí o fi òmíràn sí èyí tó kàn gbé ọ lọ. Tí fóònù rẹ bá ní ibi tó ti ń ka wákàtí tí o lò lórí rẹ̀, wò ó pẹ̀lú. Òun kì í ṣojúsàájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yan ohun mẹ́ta, kí o sì sọ ohun tí wọ́n máa gba ipò rẹ̀

Ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìgbéyàwó. Ẹni tó lé eku méjì pàápàá máa ń pòfo, torí náà má jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ. Tí o kò bá tíì lọ́kọ tàbí láya, fi òbí, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sí ipò kẹta.

Jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ojú lè rí. "Mo fẹ́ máa ráyè fáwọn ọmọ mi" kò tíì tó. "N ó máa bá wọn jẹun ní alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀" ti tó, torí pé lópin ọ̀sẹ̀, o lè kà á.

Lẹ́yìn náà ni apá tí gbogbo èèyàn máa ń fò: kọ ohun tó máa kúrò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 62 kò ní di 65 nítorí pé èrò rẹ dára. Ìpàdé wo ni o máa yọwọ́ nínú rẹ̀? Eré wo lórí tẹlifíṣọ̀n ni o máa fi sílẹ̀? Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wo ni o máa dá padà fún ẹni tó ni ín? Tí o kò bá rí ohun tí o lè yọ, o kò tíì yan nǹkan kan, ẹrù lo kàn fi kún ẹrù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fi "bí" so ó mọ́lẹ̀

Lọ́dún 1999, Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti sọ ìgbà, ibi àti ọ̀nà tí yóò gbà ṣe nǹkan sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn gbèrò lọ. Ní 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àbájáde ìwádìí 94 jọ lórí rẹ̀, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò sì kéré rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká rẹ ló máa rán ọ létí. O kò ní dúró máa bá ara rẹ jiyàn nígbà tó bá ti rẹ̀ ọ́.

Gbólóhùn tí o máa fi "bí" bẹ̀rẹ̀ kúrú:

"Bí mo bá ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, n ó fi fóònù sílẹ̀ níbẹ̀ kí n tó wọ pálọ̀."

"Bí mo bá ti jókòó sídìí iṣẹ́ láàárọ̀, iṣẹ́ tó le jù ni n ó kọ́kọ́ ṣí, kí n tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ kankan."

"Bí àwọn ọmọ bá ti sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti ìyàwó mi á jókòó sọ̀rọ̀."

Tèmi ni pé kí o so ó mọ́ ohun tí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ dípò kí o so ó mọ́ aago. Aago 7 lè kọjá kí o má mọ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ lo máa bọ́ bàtà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Tún ilé tò

Kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tó bá sún mọ́ ọwọ́ la máa ń ṣe. Gbé ìwé tí o fẹ́ kà sórí ìrọ̀rí, kí fóònù máa gba iná ní yàrá mìíràn. Tí àga gbogbo bá kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, òun ni ẹ ó máa wò. Yí méjì kọjú síra. Má sì lo oṣù mẹ́ta lórí kíkó ẹrù jáde. Ó ti di iṣẹ́ tí àwọn kan fi ń sá fún ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lẹ́nu iṣẹ́

A kì í mọ bí iṣẹ́ ṣe máa pẹ́ tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1994, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì léèrè ìgbà tí wọ́n máa parí iṣẹ́ àṣejáde wọn. Nǹkan bí ọjọ́ 34 ni wọ́n fojú bù, ṣùgbọ́n ó lé ní ọjọ́ 55 kí wọ́n tó parí. Nítorí náà, má fi ọkàn rẹ wọn iṣẹ́ tuntun. Wo bí èyí tó jọ ọ́ ṣe pẹ́ tó nígbà tó kọjá, iye yẹn ni kí o kọ sílẹ̀.

Tí o bá ń bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì parí, apá kan ọkàn rẹ máa ń dúró sẹ́yìn. Olùwádìí kan, Sophie Leroy, kọ nípa èyí lọ́dún 2009. Kí o tó dìde, kọ ìlà kan péré: ibi tí o dé, àti ohun tí o máa kọ́kọ́ ṣe tí o bá padà.

Ìgbà tí ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ mìíràn lé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ló le jù. "Rárá" gbígbẹ lè fa wàhálà, bẹ́ẹ̀ ni "ó dáa, sà" sí gbogbo nǹkan á ba iṣẹ́ jẹ́. Jẹ́ kí ó yàn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún mi lánàá ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n gbé e tì ná kí n ṣe èyí, àbí èyí lè dúró di Ọjọ́rú?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ní kó dúró, torí pé wọn kò rántí ti àná rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Láàárín tọkọtaya

Ibí yìí ni kí o ti fara balẹ̀ jù. Ètò tí ọkọ nìkan ṣe tàbí tí ìyàwó nìkan ṣe kì í ṣe ètò, àṣẹ ni. Ìwọ lè yan fún ara rẹ. Fún àwa méjì, àwa méjì ló máa yàn.

Ẹ mú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, nígbà tí ebi kò pa yín, tí oorun kò sì kun ẹnikẹ́ni. Kí oníkálùkù kọ́kọ́ dárúkọ ohun kan pàtó tí ẹnì kejì ṣe tó dùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ta ló ń lọ síbo, ta ló máa mú ọmọ wálé? Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ kan péré tó ń dùn yín. Ọ̀kan. Ẹ má kó ọ̀rọ̀ owó wọ ìjókòó yìí. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ìwé àkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì. Bí inú ẹnì kan bá ti ń ru, ẹ dá a dúró fún ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ dìde sọ ìgbà tí yóò padà. Ẹni tó dìde láìsọ ìyẹn ti sá lọ.

Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ ilé sílẹ̀, àti èyí tí ojú kò rí. Ẹni tó ń rántí pé ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ti tó, pé ọṣẹ ti ń tán, iṣẹ́ ló ń ṣe lórí ìjókòó. Tí ẹ bá ń pín in, ẹ pín in lódindi: ẹni tó gba iṣẹ́ ló máa rántí rẹ̀, òun ló máa ṣe é. "Sọ fún mi nígbà tí o bá fẹ́ kí n ràn ọ́ lọ́wọ́" ṣì fi gbogbo ìrònú sílẹ̀ fún ẹnì kan.

Ìjókòó ọ̀sẹ̀ kò sì lè rọ́pò ìṣẹ́jú kéékèèké. Tí ẹnì kejì rẹ bá ní "Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa lónìí," kì í ṣe ìròyìn ló fẹ́ kà fún ọ, ojú rẹ ló ń wá. John Gottman, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ròyìn pé láàárín àwọn tí wọ́n tọpa wọn fún ọdún 6 lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn tó ṣì wà papọ̀ dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn ní ìgbà 86 nínú 100. Àwọn tó ti kọra wọn sílẹ̀ dá a lóhùn ní ìgbà 33.

Bí ó bá jẹ́ pé lílù tàbí ìbẹ̀rù ló wà nínú ilé náà, pa ìwé ètò dé. Ọ̀rọ̀ ààbò ni ìyẹn, ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni kí o kọ́kọ́ wá.

Ìgbésẹ̀ keje: Fún un ní àkókò

Nínú ìwádìí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó gba àwọn kan ní ọjọ́ 18 kí nǹkan tuntun tó mọ́ wọn lára. Fún àwọn mìíràn, ìṣirò fi hàn pé ó lè tó ọjọ́ 254. Ọjọ́ 66 ló wà ní àárín gbùngbùn. Ọjọ́ kan tí wọ́n pa jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, má fi Ọjọ́ Ajé tó bàjẹ́ da gbogbo ọ̀sẹ̀ nù.

Ní òpin oṣù, wo ohun mẹ́ta náà. Èyí tí o kò ṣe rárá, bóyá gbólóhùn "bí" rẹ̀ ni kò dáa: yí i padà. Tí o bá ti yí i padà lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì ṣiṣẹ́, bóyá o kò fẹ́ ẹ ni, ẹlòmíràn ló fẹ́ ẹ fún ọ. Pa á rẹ́.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìbí ọmọ, iṣẹ́ tuntun tàbí àìsàn òbí á da wákàtí 62 yẹn rú. Nígbà náà, má máa fa ètò àtijọ́ tẹ̀lé ara rẹ. Kọ wákàtí rẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o sì yan ohun kan ṣoṣo títí nǹkan yóò fi rọlẹ̀.