Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Owó Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ń Ṣiṣẹ́

Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé ìṣúná kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ní Nàìjíríà, owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti owó tó jáde kì í sábà dọ́gba. Iye tó dé ọwọ́ ilé ìwòsàn gan-an ni kẹ́ ẹ béèrè. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú láti mọ ohun tó ń lọ nílé iṣẹ́ ìjọba, ti ọdún 2011, fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti fèsì.

Ẹ wá ro gbogbo ìnáwó pọ̀: oògùn, epo jẹnẹrétọ̀, àtúnṣe ẹ̀rọ, àti owó oṣù, tó jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń san án tààrà, tí kì í hàn nínú ìwé ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ oògùn, ẹ ka iye tí wọn ì bá fi rà á mọ́ ọn.

Ó kan iṣẹ́ tí owó náà ṣe. Ká ní bẹ́ẹ̀dì 100 ló wà níbẹ̀. Ẹ ka aláìsàn kan tó sùn níbẹ̀ lálẹ́ kan sí òru kan. Lóṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, ó lè gba òru 3,000. Bí ìwé wọ́ọ̀dù bá fi òru 1,800 hàn, ìdá 60 nínú 100 péré ni wọ́n lò. Àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n padà sílé láìsùn níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ lè ka mẹ́rin wọn sí òru kan. Bí wọ́n bá jẹ́ 3,600, òru 900 nìyẹn, gbogbo ẹ̀ wá di 2,700. Bí ìnáwó oṣù náà bá jẹ́ mílíọ̀nù 81 náírà, òru kan ń jẹ 30,000 náírà.

Ẹ má fi èyí wé UCH Ìbàdàn o! Àìsàn tó ti ju agbára àwọn yòókù lọ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà ni kẹ́ ẹ fi wé jẹ́nẹ́rà, tàbí kẹ́ ẹ fi ọdún yìí wé èṣí. Bí iye náà bá lọ sókè, ẹ wò ó bóyá ìyanṣẹ́lódì ni, tàbí dókítà ti japa tí aláìsàn ò sì wá mọ́. Bó bá wálẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wo iye aboyún tó kú àti iye ọjọ́ tí oògùn fi tán.

Èyí tó ká mi lára jù ni owó àpò aláìsàn. Ilé ìwòsàn lè jọ ẹni tó ń ṣọ́ owó ná, kó sì jẹ́ pé ọrùn aláìsàn ló ti ìnáwó sí. Ẹ bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: káàdì, ìbọ̀wọ́, òwú, dríìpù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe níta, owó ọkọ̀. Ẹ pín in sí iye òru tí wọ́n sùn, kẹ́ ẹ rò ó mọ́ 30,000 yẹn, kẹ́ ẹ tó sọ pé ilé ìwòsàn kan dára ju èkejì lọ.