Ìwé Èsì Ni Kẹ́ Ẹ Ṣọ́: Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Ṣe Éjẹ́ǹtì Lọ́jọ́ Ìbò Ààrẹ

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe l'Ọ́fà, nítòsí Ọjà Owódé. Bí ìbò ààrẹ bá dé, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń lọ jókòó bí éjẹ́ǹtì tó ń ṣọ́ ìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò àdúgbò wa. Ẹgbẹ́ wo? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹni tó fẹ́ ṣe màgòmágó kì í sáré já àpótí gbà bíi tàtijọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ BVAS ti ń wo ìka àti ojú olùdìbò, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fi káàdì oníkáàdì dìbò ti ká. Èèyàn àti bébà ló kù tí wọ́n lè rà.

Kí ìbò tó dé, wọ́n á máa kọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò kiri ilé, wọ́n á ní ẹ̀yáwó ń bọ̀. Ẹ má fún wọn. Nọ́ńbà yẹn ò lè fi ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún hàn wọ́n, ìbẹ̀rù ni wọ́n fẹ́ dá sí yín lára. Ẹni tó bá sì ra káàdì, òfin ìdìbò sọ pé ó lè san owó ìtanràn, tàbí kó fẹ̀wọ̀n jura.

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ ti wà níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ gbé bírò àti oúnjẹ tiyín dání. Mo ní tiyín o! Ìrẹsì ọ̀fẹ́ ti ba ojú éjẹ́ǹtì púpọ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbò, ẹnì kan á yọ: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá kan ń kí yín lẹ́yìn ògiri.” Ẹ ní kí ọ̀gá náà wá kí yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó ìdìbò, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ má buwọ́ lù ú ní òfìfo, bó ti wù kí ọmọ kọ́pà tó ń darí ibùdó náà máa kánjú tó. Ẹ wo iye èèyàn tí BVAS yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ ro gbogbo ìbò pọ̀, títí kan èyí tó wà nínú àpótí tí wọ́n ní kò wúlò. Bí BVAS bá ní 212, tí àròpọ̀ yín di 230, wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé èsì ibùdó náà. Àwọn kan mọ èyí dáadáa: ibi tí wọn ò ti lè borí, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwé ìbò kún àpótí.

Ẹ tún wò ó pé wọ́n kọ iye ìbò ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀. Ìlà bírò kan ṣoṣo níwájú 17 ti sọ ọ́ di 117, ṣùgbọ́n “seventeen” ò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ ya fọ́tò èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ẹ má sọ pé IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé fọ́tò èsì sí, ti tó. Ní 25 Oṣù Kejì 2023, fọ́tò èsì ìbò ààrẹ ò gorí rẹ̀ lásìkò, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé ìwé yín dé wọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi wé EC8B, ìyẹn ìwé èsì wọ́ọ̀dù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ éjẹ́ǹtì ti ń sá lọ sùn. Ìjọba ìbílẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà Ìlọrin, kó tó di Àbújá.

Ẹ má sì rò pé ẹgbẹ́ tí ò lè borí ní Kwara ò ní nǹkan ṣe níbí. Ẹni tó máa jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìdá 25 yẹn làwọn míì ń wá bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ fi ẹ̀dà náà sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ fún agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ ní fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ 21 péré ni ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ ìbò ààrẹ ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kéde èsì.