Bí Ìka Bá Rọ́ Lórí Pápá, Ẹ Má Fà Á

Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kíkankíkan, aṣọ́lé na ọwọ́ sí i, ó sì bá a lórí ìka gan-an. Kó tó gbọn ọwọ́ náà tán, oríkèé àárín ìka ti ń wú. Ẹnìkan á sáré dé, á di ìka náà mú, á ní òun fẹ́ fà á padà sípò. A bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Bí iṣan bá ti já díẹ̀, fífà lè já a tán. Bí egungun bá ti sán, fífà lè yà á sọ́tọ̀.

Òrùka ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kíá, kí ìka tó wú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní wákàtí 2 sí 3 síra wọn, fún ọjọ́ 2 àkọ́kọ́. Ẹ gbé ọwọ́ ga ju àyà lọ. Omi gbígbóná àti fífi òróró wọ́ ọ, ẹ fi í sílẹ̀ ná: ńṣe ló máa dá kún wíwú.

Bí ìka bá ṣì ń ká, tó ṣì ń nà, ẹ so ó mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ki òwú sáàárín wọn kí òógùn má bàa bó awọ. Ẹ lẹ pílásítà sókè oríkèé, ẹ lẹ òmíràn sísàlẹ̀. Ẹ fi oríkèé fúnra rẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa ká. Ẹ wá tẹ èékánná: á funfun, àwọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti le jù, ẹ tú u dì.

Bí orí ìka bá so kọ́ sílẹ̀ tí kò lè nà fúnra rẹ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Èyí ló ń kọ wá lóminú jù, torí ìrora rẹ̀ lè má pọ̀, ẹni tó ní in á sì máa bá eré lọ. Wọ́n á fi nǹkan gbà á dúró gbọnrangandan fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tọ̀sán-tòru. Bó bá ká lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lè ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ náà lákọ̀tun.

Ẹni tó di ẹ̀wù alátakò mú, tí kò lè ká orí ìka mọ́, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì: iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gbà. Bákan náà ni ìka tó wọ́, tó kú tipiri, tàbí tí egungun hàn lójú ọgbẹ́.

Oríkèé tó rọ́ lè ṣì tóbi díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bó bá ti lè di bọ́ọ̀lù mú dáadáa láìsí ìrora, ó ti tó padà sórí pápá.