Bó ṣe yẹ ká máa lo "late" lédè Gẹ̀ẹ́sì: ìgbà tó jẹ́ olóògbé àti ìgbà tó jẹ́ ẹni tó pẹ́

Ká ní bàbá ẹnì kan kú nílé, òun wà ní Manchester níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó wá fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí máníjà ẹ̀ láàárọ̀ pé "My father is late, I need one week off." Máníjà yẹn ò ní kí i kú ọ̀fọ̀. Ohun tó máa bi í ni pé "Late for what?" Kì í ṣe pé ìkà ni o, ohun tó yé e ni pé bàbá yẹn ò tètè dé ibì kan. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ á wá máa ṣàlàyé ikú bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń dùn mí téèyàn bá kó sí irú ẹ̀, torí pé ibi tó gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí nínú gbólóhùn ló fà á.

Ibi tí late wà gan-an lẹ máa wò. Tó bá wà níwájú orúkọ èèyàn tàbí ohun téèyàn jẹ́ síni, bíi father, husband, president, tí the tàbí my, his, her, our sì ṣáájú ẹ̀, olóògbé ni. "My late father was a tailor", bàbá mi tó ti kú, télọ̀ ni nígbà ayé ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ lẹ́yìn am, is, are, was, were ló wà, pípẹ́ lòyìnbó máa gbọ́ níbẹ̀, kò ní ronú ikú rárá.

Ibi tó ti ń dàrú mọ́ wa lójú ni pé olóògbé tiwa gba ibi méjèèjì, a lè sọ pé Olóògbé Awólọ́wọ̀, a sì lè sọ pé bàbá ti di olóògbé, méjèèjì ló já gaara. Nílé wa ní Nàìjíríà tó o bá sọ pé "He is late" gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé onítọ̀hún ti kú, wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Botswana àti South Africa náà, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ò kàwé ni. Láàárín ara wa mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ tó o bá ń kọ IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, tàbí ò ń kọ ímeèlì sí ọ̀gá rẹ nílùú òyìnbó, pààrọ̀ ẹ̀.

Kí lèèyàn máa wá sọ? "My father has died." "My father passed away on Sunday." "I lost my father." Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ pe ikú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ gbàgà, ọba wàjà, àgbàlagbà papòdà, torí ẹ̀ ni died fi máa ń le lẹ́nu wa, tó bá le lẹ́nu rẹ, passed away máa bá ẹ lára mu. Ṣùgbọ́n died kì í ṣe àrífín lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tí Queen Elizabeth kejì wàjà lọ́jọ́ 8 September 2022, ohun tí Buckingham Palace fúnra wọn kọ ni pé "The Queen died peacefully at Balmoral this afternoon." Died náà ni wọ́n kọ o. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní the late Queen.

Ẹ má gbàgbé the yẹn. Ara àwọn pósítà òkú la ti mọ "Late Pa", "Late Chief Mrs", kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jà lórí pósítà, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tàbí àròkọ ìdánwò, "the late Chief Obafemi Awolowo" ló pé. Tí my tàbí her bá ti wà níbẹ̀, the ò wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ má sì kọ "The late Chief Awolowo died in 1987", died ti sọ ọ́ tán, kí lẹ tún fẹ́ fi late ṣe? Bákan náà, ẹni tí ikú ẹ̀ ò tíì jìnnà là ń pè bẹ́ẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther kú lọ́dún 1891, kò sẹ́ni tó ń pè é ní "the late Crowther" mọ́, orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó.

Èyí tó tún léwu ni kéèyàn fi late pe ọkọ tàbí ìyàwó tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀. "My late husband", o ti pa á nìyẹn, ọkùnrin náà sì wà láyé tó ń jẹun. "My ex-husband" ni kó o sọ. Fún ààrẹ tó ti kúrò nípò tó ṣì wà láyé, former president ni, ti Umaru Yar'Adua tó kú lórí àléfà lọ́dún 2010 ló jẹ́ the late president.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí pípẹ́. Pẹ́ tiwa lè dá dúró, mo pẹ́, ó parí, late ò lè dá dúró bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ am tàbí was láàárín, torí náà "I late" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó pé, "I was late" ni. Iye àkókò tó o fi pẹ́ máa ń ṣáájú ẹ̀, "I was 20 minutes late". Ibi tó ò ń lọ máa gba for, "late for work", ohun tó yẹ kó o san tàbí kó o fi sílẹ̀ máa gba with, "late with the rent". Tó o bá ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì tí gosiló sì mú yín, pe ọ̀gá kó o sọ pé "I'm running late", ìyẹn ni pé o ti ń bọ̀ àmọ́ o ò ní bá àsìkò.

Tó bá wá jẹ́ pé àkókò ló tẹ̀ lé late, ìparí àkókò yẹn ni. "Late March" ni ìparí oṣù March, "the late 1980s" jẹ́ nǹkan bí 1987 sí 1989, "she is in her late thirties" túmọ̀ sí pé obìnrin náà ti fẹ́ pé ogójì ọdún, kò kú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù á rántí Amunike ní Olympics 1996, èyí tó gbá wọlé Argentina nígbà téré ti fẹ́ parí, late goal nìyẹn.

Lately wá yàtọ̀. "He came late" ni pé ó pẹ́ kó tó dé. Lately ni lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, "I've been busy lately". Latest sì ni èyí tó tuntun jù, tí olórin kan bá gbé àwo jáde, sọ pé "her latest album", torí last album lè dà bíi pé kò ní ṣe òmíràn mọ́. Tí ọ̀gá bá sì kọ̀wé sí ẹ pé "by Friday at the latest", kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ Ẹtì lohun tó ń sọ, tó o bá máa lè ṣe é ní Thursday, fi ránṣẹ́ sí i ní Thursday.